Àbùùbùtán tó ní ẹsẹ̀ ti gbé Nàìjíríà rí

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mọ́ mi jù bẹ̀rẹ̀. Níbi tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, ìran àbùùbùtán kan ti gbé ibẹ̀ rí tó ṣì ní ẹsẹ̀. Àbùùbùtán o, ẹran òkun ràbàtà yẹn tó ń gòkè wá mí tó sì ń fún ọmọ ẹ̀ lọ́mú. Egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹ̀ tòun teyín ni wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ agbègbè Ameki, lápá ìpínlẹ̀ Abia lónìí, wọ́n kó o lọ sí London, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Charles William Andrews jókòó tì í, ó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, nígbà tó di 1920 ó kọ̀wé jáde lórí ẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi. Lugard tí ẹ mọ̀ yẹn náà ni, ẹni tó da Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù ní 1914. Ilé ìwé tí mo lọ ní Epe níbí, wọ́n kọ́ wa ní ìtàn Lugard débi tí a fi lè kà á lórí, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹranko kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, pé ilẹ̀ wa gan-an ni wọ́n sì ti wú u. Ó dùn mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, inú mi sì tún dùn, méjèèjì pọ̀.

Ohun tó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó fẹ́ràn kàtúùnù àwọn dáínósọ̀, àwọn ẹran ayé àtijọ́ yẹn. Ó mọ T. rex, ó mọ Triceratops, ẹnu ẹ̀ yọ̀ mọ́ orúkọ wọn ju tèmi lọ, ó wá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Àǹtí, ṣé Ọlọ́run ò dá ìkankan sí ọ̀dọ̀ tiwa ni?" Ẹ ò lè bá a wí, torí gbogbo èyí tó ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n, Amẹ́ríkà ni, aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà, òyìnbó tó dé fìlà tó mú búrọ́ọ̀ṣì dání. Mo ní ó dá àwọn ẹran ayé àtijọ́ sọ́dọ̀ wa náà, wọ́n sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹran omi ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ti rí ní Nàìjíríà, torí pé omi ló wà níbi púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí láyé ìgbà yẹn. Kò gbà mí gbọ́. Torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀ síbí kí n sì sọ ọ́ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí egungun ṣe ń di òkúta. Ẹranko tó bá kú sórí ilẹ̀ gbalasa, igún á wá, ajá á wá, èèrà á wá, oòrùn àti òjò á parí ìyókù, láàárín ọdún díẹ̀ kò ní sí ohun tó kù. Ilẹ̀ igbó tiwa yìí tún le jù, torí pé ilẹ̀ tó kan ni, kíkan yẹn máa ń jẹ egungun tán pátápátá. Àmọ́ èyí tó bá kú sínú omi, tí ẹrẹ̀ bo ó kíákíá, tí atẹ́gùn ò ráyè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìyẹn pẹ́. Ẹrẹ̀ á máa gorí ẹrẹ̀, omi tó ní èròjà òkúta nínú á máa gba inú àwọn ihò tíntìntín ara egungun kọjá, á máa fi èròjà yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí egungun á fi di òkúta tí ìrísí ẹ̀ ò sì ní yí padà. Òun ni wọ́n ń pè ní fósììlì. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹranko tó bá kú, bóyá la fi lè rí ẹyọ kan tó máa bọ́ sí irú ipò yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú tí mo bá gbọ́ pé wọ́n fọ́ ọ̀kan.

Màmá mi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, ó ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Tí ẹ bá gbé egungun orí ẹja síwájú ẹ̀, tí ẹran ti tán lára ẹ̀, á sọ fún yín pé àrọ̀ nìyí, ọ̀bọ̀kún nìyẹn, á tún sọ bó ṣe máa tóbi tó kí wọ́n tó dáná sí i. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ fósììlì ò jìnnà sí ìyẹn rárá, àfi pé ẹja tiwọn ti kú láti mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó rí i láàyè rí. Wọ́n á gbé egungun èyí tó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun èyí tó ṣì wà láyé, wọ́n á máa fi wé ara wọn. Eyín tó mú ṣóńṣó, ẹran ló ń gún. Eyín pẹlẹbẹ tó ti jẹ lórí, ewé ló ń lọ̀. Ojú tó wà lókè orí bíi ti ọ̀nì, ẹni tó ń lúgọ sínú omi ló ni ín. Egungun tó nípọn tó wúwo bíi ti erinmi, ẹran tó ń rì sísàlẹ̀ omi ni, èyí tó ní ihò nínú tó fúyẹ́, ẹyẹ ni tàbí ìbátan ẹyẹ. Ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun máa ń yọ gọngọ, tí wọ́n bá wò ó wọ́n á mọ ibi tí agbára ẹranko náà wà, bóyá ọrùn ni, bóyá ìrù ni, bóyá páárì ni.

Eyín gan-an ló kọ́kọ́ la àwọn èèyàn lójú. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, wọ́n máa ń rí àwọn òkúta onígun mẹ́ta kan nínú àpáta, ó ń dán, ó mú létí, wọ́n ní ahọ́n ejò tó di òkúta ni, àwọn kan ní ojú ọ̀run ló ti já bọ́, wọ́n ń so ó mọ́ ọrùn kí májèlé má bàa ràn wọ́n. Àwa náà mọ irú ẹ̀, ṣebí a ní ẹdùn àrá tí àwọn àgbà sọ pé Ṣàngó ló sọ ọ́ sílẹ̀, táwọn onímọ̀ sì ní àáké òkúta àwọn ará ìgbà láéláé ni. Ní 1666 àwọn apẹja mú àkurákùdà ńlá kan létí òkun Livorno ní Ítálì, èyí táwọn míì ń pè ní ṣáàkì, olórí ìlú ní kí wọ́n gé orí ẹ̀ wá fún dókítà kan ọmọ Denmark tó ń jẹ́ Nicolas Steno. Steno la ẹnu ẹja náà, ó wo eyín ẹ̀, ó rí i pé òkúta ahọ́n ejò yẹn gan-an nìyí! Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kọ ọ́ jáde. Ẹ rò ó wò o, tí eyín àkurákùdà bá wà nínú àpáta lórí òkè, á jẹ́ pé òkè yẹn ti wà lábẹ́ òkun rí. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí ló ṣílẹ̀kùn gbogbo ìyókù. Ìdí tó sì fi jẹ́ pé eyín ẹ̀ là ń rí jù ni pé egungun àkurákùdà rọ̀, kì í tọ́jọ́, eyín ẹ̀ ló le, ó sì máa ń pa eyín dà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ẹyọ ẹja kan lè sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín sínú òkun kó tó kú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àbùùbùtán wa. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé báwo la ṣe mọ̀ pé ó ní ẹsẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé àgbọ̀n àti eyín ni wọ́n kọ́kọ́ rí? Ara àwọn ìbátan ẹ̀ la ti mọ̀ ọ́n. Ní Pakistan, ní 1981, wọ́n kọ̀wé nípa ẹranko kan tí wọ́n pè ní Pakicetus, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, orí ilẹ̀ ló ń rìn, àmọ́ egungun etí ẹ̀, ti àbùùbùtán ni. Ní 2001 wọ́n wá rí kókósẹ̀ irú àwọn ẹran yìí, kókósẹ̀ ọ̀hún sì rí bákan náà pẹ̀lú ti ewúrẹ́, àgùntàn, màlúù àti erinmi, àwọn ẹran tí pátákò wọn là sí méjì. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àbùdá náà sọ ohun kan náà, pé nínú gbogbo ẹran tó wà láyé lónìí, erinmi ló bá àbùùbùtán tan jù. Lẹ́yìn náà ni ìdílé tí Pappocetus tiwa wà nínú ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní protocetid, àwọn yẹn ti ń gbé inú òkun, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà. Lẹ́yìn tiwọn ni Basilosaurus, tó gùn tó mítà 15 sókè, ara ẹ̀ gùn gbọọrọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ti kéré débi pé kò lè gbé e rìn mọ́, àmọ́ orúnkún àti ọmọ ìka ṣì wà lára ẹ̀. Ó pọ̀ ní Íjíbítì, ní àfonífojì kan nínú aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wadi Al-Hitan, UNESCO ti kọ ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005. Èèyàn lè dúró sórí iyanrìn gbígbẹ níbẹ̀ kó máa wo egungun àbùùbùtán nílẹ̀ bó ṣe kú sí.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ Basilosaurus lórúkọ, Richard Harlan, ní 1834, rò pé ẹran afàyàfà ni, ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹ̀ fi jọ ti dáínósọ̀. Richard Owen ló wo eyín ẹ̀ tó sì rí i pé gbòǹgbò méjì ló ní, afàyàfà kì í ní irú ẹ̀, ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ló ń ní i. Eyín tún ni o.

Nínú òkúta Ameki yẹn náà, wọ́n tún rí egungun àyà ẹyẹ kan tó tóbi tó yani lẹ́nu, Andrews yìí kan náà ló sọ ọ́ ní Gigantornis eaglesomei ní 1916. Ìdílé ẹyẹ òkun kan ló ti wá, tí egungun ẹnu wọn yọ ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín, kí ẹja tó ń yọ̀ má bàa bọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Ìbátan ẹ̀ kan tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà, ìyẹ́ apá ẹ̀ méjèèjì tó bá nà án tán ju mítà 6 lọ. Ìjàpá òkun ńlá kan náà wà níbẹ̀, Cosmochelys dolloi. Ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀: àbùùbùtán ẹlẹ́sẹ̀ nínú omi, ìjàpá òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹyẹ bàǹtàbanta tó ń fò lókè orí wọn, bíi mílíọ̀nù 40 ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbin iṣu àti ọ̀pẹ lónìí. Mi ò mọ kàtúùnù tó lè dùn tó ìyẹn.

Sókótó wá ńkọ́? Ibi tó gbẹ tó sì gbóná yẹn, tí ràkúnmí ń rìn, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí egungun ẹran òkun kan tí wọ́n ń pè ní Goronyosaurus nigeriensis, láti ara Gòróńyò, ìlú tí ìsédò ńlá yẹn wà. Mosasaur ni, ìbátan awọ́nríwọ́n àti ejò, àfi pé ó ń gbé inú òkun, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ti di àjẹ̀ tó fi ń wa omi. Eyín ẹ̀ tóbi, ó tọ́, ó le, ẹran tó bá bọ́ sí i lẹ́nu kò lè bọ́ mọ́. Ohun tó gbé e débẹ̀ ni pé òkun ti gba àárín Áfíríkà kọjá rí, láti apá Gulf of Guinea títí lọ pàdé òkun tó wà lókè níbi tí Mẹditaréníà wà lónìí, ó gba Nàìjíríà, ó gba Nìjẹ̀r, ó gba Málì. Kò jìn púpọ̀, ó máa ń fà sẹ́yìn ó tún máa ń padà wá. Mosasaur ò sí mọ́ láyé láti mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkúta ràgàjì kan já bọ́ láti ojú sánmà sí ibi tí Mẹ́síkò wà, eruku bo oòrùn, ewéko kú, ẹran kú, àwọn dáínósọ̀ náà lọ, àwọn ẹyẹ nìkan ló kù nínú ìran wọn.

Mo mọ̀ pé tí mo bá ti dárúkọ mílíọ̀nù ọdún, àwọn kan á ti máa mi orí. Ẹ̀gbọ́n mi kan sọ fún mi pé ìkún omi ayé Ànábì Nùhú ló gbé gbogbo ẹ̀ débẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un, Mùsùlùmí lèmi náà, mi ò sì rí ibi tí mímọ ọjọ́ orí òkúta ti ta ko ìgbàgbọ́ mi. Àmọ́ mo bi í pé, tó bá jẹ́ ìkún omi kan ṣoṣo, kí ló dé tí a ò rí àbùùbùtán àti mosasaur pa pọ̀ nínú ìpele òkúta kan náà rí, níbikíbi láyé? Ìgbà gbogbo ni mosasaur ń wà nísàlẹ̀, àbùùbùtán á wà lókè, ìpele á wà láàárín wọn. Ní ti ọjọ́ orí, wọ́n kì í méfò ẹ̀. Eérú òkè oníná tó bọ́ sáàárín ìpele òkúta máa ń ní àwọn kóró kéékèèké tí èròjà kan tó ń jẹ́ uranium wà nínú wọn, uranium yẹn sì ń yí padà di òjé ní ìwọ̀n kan tí kì í yára sí i tí kì í falẹ̀, wọ́n á wọn èyí tó kù àti èyí tó ti di òjé, wọ́n á ṣírò. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbà o, ṣùgbọ́n ó ní kí n fi àwòrán ẹyẹ yẹn ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp.

Àwọn tó fẹ́ dáínósọ̀ gan-an, kí wọ́n kọjá ẹnubodè wa sí Nìjẹ̀r. Nínú aṣálẹ̀ Ténéré, níbì kan tó ń jẹ́ Gadoufaoua, egungun wà nílẹ̀ bẹẹrẹ. Àwọn ará Faransé ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láwọn ọdún 1960, lẹ́yìn náà ni Paul Sereno ti Amẹ́ríkà kó ẹgbẹ́ tiẹ̀ wá ní 1997 àti 2000. Ọ̀nì kan wà níbẹ̀, Sarcosuchus imperator, tí wọ́n sọ lórúkọ ní 1966, ó gùn ju mítà 9 lọ, orí ẹ̀ nìkan gùn tó èèyàn. Wọ́n gé awẹ́ egungun ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n rí ìlà ọdọọdún lára ẹ̀ bí a ṣe ń rí i lára igi, wọ́n ka bíi 40, ẹran ọ̀hún ò sì tíì dàgbà tán! Ó túmọ̀ sí pé kò sáré dàgbà ju ọ̀nì tiwa lọ, ńṣe ló kàn ń dàgbà lọ fún ọdún tó pọ̀ gan-an. Níbẹ̀ náà ni Nigersaurus wà, dáínósọ̀ ajewéko tó gùn tó mítà 9, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ pẹrẹsẹ níwájú, eyín tó ju 500 lọ ló wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń dúró de ìgbà tiwọn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni eyín kan ń lò tó fi ń já tí òmíì á bọ́ sípò ẹ̀. Kí ló lè jẹ eyín run báyẹn? Ewé ilẹ̀ ni, èyí tí iyanrìn wà lára ẹ̀, orí ẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ jẹ́ odò àti igbó nígbà yẹn, bíi mílíọ̀nù 110 ọdún sẹ́yìn.

Èyí tó máa ń wù mí láti sọ fún àwọn ará etí omi ni dáínósọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Spinosaurus, torí pé àríyànjiyàn lórí ẹ̀ ò tíì tán. Wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Íjíbítì ní 1912, Ernst Stromer ti Jámánì kọ̀wé lórí ẹ̀ ní 1915, egungun tó yọ láti ẹ̀yìn ẹ̀ ga tó èèyàn. Wọ́n kó o sí mùsíọ́ọ̀mù Munich. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Stromer bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó o kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tó láàbò, wọn ò gbọ́, ní April 1944 bọ́ǹbù bọ́ lu mùsíọ́ọ̀mù, gbogbo ẹ̀ jóná. Àwòrán àti ìwé tó kọ nìkan ló kù. Ó tó àádọ́rin ọdún kí Nizar Ibrahim àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tó gbé òmíì jáde láti Mòrókò ní 2014, nígbà tó di 2020 wọ́n fi ìrù ẹ̀ hàn, ìrù pẹlẹbẹ tó ga, tó ṣeé fi wa omi. Wọ́n ní ẹran tó ń lúwẹ̀ẹ́ lépa ẹja ni. Sereno àtàwọn kan ní rárá, ní 2022 wọ́n kọ ọ́ pé kò lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, etí omi ló ń dúró sí tó ń gbá ẹja mú. Lójú tèmi, ẹni tó ń dúró létí omi ò nílò irú ìrù yẹn, mo wà lẹ́yìn Ibrahim, àmọ́ inú mi dùn pé wọ́n ń jà á lórí egungun tó wà nílẹ̀, kì í ṣe lórí ẹni tó lẹ́nu jù. Ká ní wọ́n sì ti gbọ́ ti Stromer ni, nǹkan tá a mọ̀ ì bá ti pọ̀ ju báyìí lọ.

Ó sì níye ìgbà tí fósììlì ti da ẹranko láre. Ní 1923 wọ́n rí dáínósọ̀ kékeré kan ní Mòǹgólíà lórí ẹyin, wọ́n rò pé ó wá jí ẹyin ẹlòmíì jẹ ni, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ olè, Oviraptor. Àádọ́rin ọdún ló fi jẹ́ olè. Ní 1993 ni wọ́n tó rí ọlẹ̀ nínú irú ẹyin yẹn, ọmọ ìdílé ẹ̀ ni, lẹ́yìn náà wọ́n rí òmíì tó kú sórí ìtẹ́ tó na apá bo ẹyin lọ́tùn-ún lósì, bí adìyẹ ṣe ń ṣe. Ìyá ọmọ ni, tàbí bàbá ọmọ. Ìyẹn máa ń fẹ́ mú omijé bọ́ lójú mi. Àwọ̀ náà ti ń jáde báyìí: ti Sinosauropteryx, dáínósọ̀ kan tí wọ́n rí ní Ṣáínà ní 1996, ìyẹ́ wẹ́wẹ́ wà lára ẹ̀, ní 2010 wọ́n wo èròjà àwọ̀ tó kù nínú ìyẹ́ ìrù ẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú àdìkálà funfun.

Àwọn tó ń ná ẹja lójú ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní coelacanth, fósììlì ẹ̀ ni wọ́n mọ̀, wọ́n gbà pé ó ti tán láyé láti ìgbà àwọn dáínósọ̀. Ní December 1938, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́ọ̀mù kékeré kan ní ìlú East London, South Africa, Marjorie Courtenay-Latimer, lọ wo ẹja tí ọkọ̀ ìpẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ó rí ẹja aláwọ̀ búlúù kan lábẹ́ àwọn yòókù, ìpẹ́ ẹ̀ le bí òkúta, lẹbẹ ẹ̀ ní egungun bí apá. Kò mọ̀ ọ́n, kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nù. Òun náà nìyẹn, ìran ẹ̀ ò tíì tán láyé! Ọdún 14 kọjá kí wọ́n tó rí ìkejì, ní erékùṣù Comoros. Ní 1997 wọ́n wá rí irú ẹ̀ míì lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ti lọ nínú ọjà ẹja ní Indonesia. Inú ọjà ẹja lásán! Láti ara ẹja yìí ni wọ́n ti mọ̀ pé kì í yé ẹyin síta, ọmọ láàyè ló ń bí, ohun tí fósììlì nìkan ì bá ti ṣòro kó fi yé wa.

Ẹ lè máa wò ó pé Epe ńkọ́, kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tiwa. Iyanrìn tó wà lókè ní apá ibí ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ìdí nìyẹn tá a ò fi ń rí nǹkan tá a bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ sókè sí apá Ewékorò àti Ṣágámù, òkúta ẹfun tí wọ́n ń wú níbẹ̀, inú òkun ló ti dì. Ìkarahun ni, iyùn ni, akàn ni, ewéko omi tó ní ẹfun lára ni, ti Ewékorò ti lé ní mílíọ̀nù 56 ọdún. Wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń sun ún pẹ̀lú amọ̀, ó ń di sìmẹ́ńtì, tírélà ń gbé e wá fún wa. Ilé púpọ̀ lápá ibí, sìmẹ́ńtì yẹn ló gbé e dúró. Èmi ò ní kí wọ́n má wú u mọ́ o, a nílò ilé. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí wọ́n máa jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kí wọ́n máa wò ó kí ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́, torí ohun tó bá ti wọnú ìléru kò ní padà mọ́. Kí àwọn ọmọ wa sì lè fojú rí díẹ̀ nínú ẹ̀ láìwọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí London, níbi tí àgbọ̀n Pappocetus wà.

Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wú òkúta, tàbí tí ẹ ń gbẹ́ kànga, tí ẹ ń dá bọ́ọ̀hóòlù, tí ẹ rí nǹkan tó jọ eyín, tó jọ egungun, tó jọ ìkarahun nínú òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ wò, ẹ má dà kẹ́míkà sí i. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níbi tó wà kí ẹ tó gbé e, ẹ fi owó ẹyọ tàbí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹ wá gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní UNILAG, ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni ibi tó ti jáde gan-an, torí náà ẹ kọ orúkọ abúlé náà sínú pépà, ẹ kọ bí ihò ọ̀hún ṣe jìn tó, ẹ kọ àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lókè ẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì wé pépà náà mọ́ òkúta yẹn.